Ta Ló Lágbára Jù, Wàràwàrà Tàbí Onísùúrù?

Bàbá mi, Bàbá Ọ̀ta,

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti ń gbé kiri nínú, ó ti pẹ́. Mo fẹ́ sọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì yín nígbà tí a wá ṣàdúà lẹ́yìn Iléyá, àmọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n mi dúró tì mí, mo bá gbé e mì. Òun náà nìyí: Wàràwàrà kọ́ ló lágbára jù. Onísùúrù ni. Ti Bàbá Sàkírù lágbára ju tiyín lọ, Bàbá mi. Mo ti dán an wò, mo tún un dán wò, ibì kan náà ló ń já sí.

Ẹ má bínú pé mi ò kí yín kí n tó sọ ọ́. Mo mọ ara mi. Tí mo bá fi ìkíni bẹ̀rẹ̀, màá kí yín títí bébà á fi tán, ọ̀rọ̀ náà á sì tún padà sínú. Ara mi le. Ilé-iṣẹ́ bisikíìtì tí mo ń bá ṣiṣẹ́ n'Íkẹjà ṣì wà, orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu nítorí ìdúró. Ilé yín ní Agége ṣì wà, a ti pààrọ̀ páànù ẹ̀yìnkùlé. Àwọn ayálégbé tó wà níbẹ̀ báyìí ò mọ̀ yín rárá, síbẹ̀ "ilé Bàbá Ọ̀ta" ni wọ́n ń júwe fún oníkẹ̀kẹ́ Màrúwá. Wọn ò mọ ohun tí ẹ ta tí ẹ fi di ọ̀ta. Èmi mọ̀ ọ́n. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi wúwo lẹ́nu mi. Orí Wàràwàrà ni orúkọ yín jókòó lé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe rántí rẹ̀, kí ẹ lè mọ ibi tí mo bá ti ṣì í.

Ẹ̀yin lẹ̀ ń tọ́jú iná mànàmáná nílé-iṣẹ́ aṣọ, Bàbá Sàkírù ń tún ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe níbẹ̀. Nígbà tí àwọn òyìnbó palẹ̀ mọ́ tí wọ́n fẹ́ máa lọ, tí wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ kó ohun tó bá wù wọ́n, àwọn ẹgbẹ́ yín ń gbé fíríìjì, wọ́n ń gbé fáànù. Ẹ̀yin méjèèjì gbé kọ̀ǹpútà. Màmá mi ò gbàgbé fíríìjì yẹn títí wọ́n fi fi owó ara wọn ra òmíràn. Kọ̀ǹpútà tiyín ò ní ojú tirẹ̀, tẹlifíṣọ̀n wa lẹ máa ń so ó mọ́, kásẹ́ẹ̀tì ló sì ń lò. Ẹ ó ti kásẹ́ẹ̀tì bọnú rédíò tí ẹ fi wáyà so mọ́ ọn, rédíò á máa han gooro bí ológbò tí ilẹ̀kùn há nírù, gbogbo wa á dákẹ́, à ń retí kí ó gbà á wọlé tán. Tí iná bá lọ láàárín, a tún bẹ̀rẹ̀. Ti Bàbá Sàkírù ní ojú tirẹ̀, lẹ́tà aláwọ̀ ewé ló ń kọ, díìsìkì pẹlẹbẹ ni wọ́n ń tì bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Ètò kan tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, ayò òyìnbó, wà nínú tiyín, òmíràn wà nínú tiwọn. Òyìnbó kan ti kọ́ ẹ̀yin méjèèjì ní ṣẹ́ẹ̀sì lásìkò ìsinmi ọ̀sán, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè pa kọ̀ǹpútà nínú yín. Ẹ bá ní kí àwọn kọ̀ǹpútà máa pa ara wọn.

Ẹ̀yin náà lẹ sọ wọ́n lórúkọ. Wàràwàrà ni tiyín, nítorí èèyàn ò ní yán tán kí ó tó ta. Onísùúrù ni ti Bàbá Sàkírù. Ẹ ní tí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè, èèyàn lè lọ ṣe àlùwàlá, kó kírun, kó padà wá bá a níbi tó ti ń ronú.

Sátidé ni ọjọ́ wọn. Mo ṣì ń rí Bàbá Sàkírù bí wọ́n ṣe máa ń yọ níwájú ilé, kọ̀ǹpútà wọn lórí, wọ́n fi aṣọ fèrèsé wé e bí ọmọ tuntun. Àwọn ẹ̀rọ méjèèjì ò gbọ́ èdè ara wọn, ẹnu yín ni wọ́n ń gbà bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹ ó pe ibi tí Wàràwàrà gbé ọmọ ayò rẹ̀ sí, Bàbá Sàkírù á tẹ̀ ẹ́ sínú tiwọn. Onísùúrù á ronú, á ronú. Wọ́n á pe tirẹ̀, ẹ̀yin náà á tẹ̀ ẹ́ sínú tiyín. Èmi á máa gbé àwọn ọmọ ayò náà lórí pátákó láàárín yín kí àwọn ayálégbé lè rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Ọ̀ràn ẹni tí yóò mú funfun ló wá kù, nítorí pé funfun ló ń kọ́kọ́ ta nínú ṣẹ́ẹ̀sì. Ẹ ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní bí wọ́n ṣe ń ta ayò lójúde bàbá yín l'Ógbómọ̀ṣọ́ ni a ó ṣe é: ọ̀ta ló ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá pa ni yóò kọ́kọ́ ta nínú èyí tó kàn, òpè á sì máa gba tẹ̀yìn títí tí òun náà á fi pa. Tí wọ́n bá ta ọ̀mì, ọ̀ta ṣì ni ọ̀ta. Bàbá Sàkírù, ọmọ Ọ̀yọ́, gbà bẹ́ẹ̀ láìjanpata, torí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe lágbo ilé tiwọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ẹ ju kọ́bọ̀ sókè, ẹ̀yin lẹ mú funfun. Wàràwàrà pa. Láti ọjọ́ náà, funfun ò kúrò lọ́wọ́ yín mọ́.

Etí mi ṣì ń gbọ́ ẹ̀yin méjèèjì, bí Bàbá Sàkírù ṣe máa ń fi oríkì Ògbómọ̀ṣọ́ pè yín.

"Ọmọ Ajílété, ó tún ti pa?"

"Ó ti pa á! Gbé e lọlé, Ọ̀yọ́. Lọ po gàrí fún un."

"Kì í jẹ gàrí, ó ń ronú ni."

"Ó ń ronú, wọ́n sì gbé ayaba mọ́ ọn lójú!"

Àwọn ayálégbé á wó lulẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Bàbá Sàkírù náà á rẹ́rìn-ín, nígbà yẹn.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ kì í ṣe ṣẹ́ẹ̀sì. Obì ni. Nígbà tí ayò bá ń le bọ̀, tí kò tíì sí ẹni tó mọ ibi tó máa já sí, ẹ ó ki ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò iṣẹ́ yín, ẹ ó yọ obì jáde, ẹ ó là á. Ẹ ó ju awẹ́ kan sẹ́nu, ẹ ó na èkejì sí mi láìwo ojú mi. Kò ní pẹ́ lẹ́yìn náà, ẹṣin Wàràwàrà á fò lé ayaba Onísùúrù. Obì yẹn ni àwọn ayálégbé máa ń ṣọ́. Tí wọ́n bá ti rí i lọ́wọ́ yín, wọ́n á ti máa pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní ojú inú lẹ fi ń wo ayò, ẹ ti rí òpin kí àwa tó rí ìbẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni "Bàbá Ọ̀ta" ti jáde. Èmi náà gbà á gbọ́. Mo máa ń fi ṣe fáàrí nílé ìwé.

Lẹ́yìn náà ni Sátidé tí a kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ dé. Bàbá Sàkírù tẹjú mọ́ pátákó, wọ́n ní, "Ọ̀rẹ́, ayò yìí mà jọ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

Ẹ ní, "Kí ló máa ṣe tí kò ní jọ ọ́? Ọ̀ta kan náà, òpè kan náà."

"Mi ò ṣeré. Jẹ́ kí tèmi mú funfun lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Níbo lo ti rí òpè tó ń tọrọ ìbẹ̀rẹ̀? Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbọ́! Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é l'Ọ́yọ̀ọ́ nìyẹn? Ó dáa, kí kọ̀ǹpútà ẹ kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ ná!"

Ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ ya pẹ̀lú ẹ̀rín. Ìyálé kan tiẹ̀ ní kí wọ́n tẹ́ ẹní fún kọ̀ǹpútà náà. Bàbá Sàkírù ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fa wáyà wọn yọ lára ògiri, wọ́n fi aṣọ fèrèsé wé ẹrù wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n gbé e karí, wọ́n lọ. Ẹ pè wọ́n látojú fèrèsé pé kí wọ́n padà wá mumi. Wọn ò wẹ̀yìn. Lẹ́yìn ìyẹn, tí ẹ bá pàdé ní mọ́ṣáláṣí, sàlámù lásán ni. Nígbà ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀dọ̀ àwọn àlejò ìyàwó ni wọ́n lọ jókòó sí, bẹ́ẹ̀ àwọn ló bá yín gbé e lọ sọ́sìbítù lọ́jọ́ tó ń ṣe gìrì lọ́mọdé. Nígbà tí ẹ sì kú, wọ́n wá. Ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n dúró sí. Wọ́n da erùpẹ̀ tiwọn sí i, wọ́n ti lọ kí n tó rí omi gbé fún wọn.

Bí mo ṣe wá débi tí mo dé yìí, iṣẹ́ bisikíìtì ló fà á. Láìnì méjì la fi ń kó bisikíìtì sínú páálí. Àwọn tó wà ní láìnì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé máa ń ṣe ju àwa lọ lójoojúmọ́, ọ̀gá wa sì máa ń fi wọ́n bú wa, pé àwọn yẹn ló jẹun kánú wá síṣẹ́. Lóṣù kan wọ́n kàn ṣàdédé pààrọ̀ wa. Àwa lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, àwọn wá síbi tiwa. Wẹ́rẹ́, àwa náà bẹ̀rẹ̀ sí í nà wọ́n. Ẹ̀rọ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló ń gbé bisikíìtì wá gérégéré, tiwa ló máa ń há. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń bú wa, kì í ṣe ọwọ́ wa ló lọ́ra. Ibi tí wọ́n fi wá sí ni. Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí funfun tí kò kúrò lọ́wọ́ yín rí fi wá sọ́kàn mi. Páálí ń kọjá lọ níwájú mi lófìfo, ọ̀gá ń pariwo orúkọ mi.

Mo kó kásẹ́ẹ̀tì yín sínú àpò lọ sí Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì, lọ́dọ̀ ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó ń tún láptọ́ọ̀pù ṣe. Ó ṣí àpò náà, ó tún un dé. Ó ní, "Màmá, èyí ti kú. Ẹ jẹ́ ká kírun sí i lára." Ṣùgbọ́n nígbà tí mo júwe àwọn ètò méjèèjì fún un, ó wá wọn rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn èèyàn wà láyé tó ń tọ́jú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pa mọ́, Bàbá mi. Ó fi wọ́n sínú láptọ́ọ̀pù tí ọmọ mi pa tì, ó tún fi ohun kan sí i tó ń mú kí láptọ́ọ̀pù náà máa ṣe bíi kọ̀ǹpútà tiyín, kó tún máa ṣe bíi ti Bàbá Sàkírù. Ó wá ń fi mí rẹ́rìn-ín: "Màmá, fóònù tó wà lọ́wọ́ yín yẹn á na àwọn méjèèjì pọ̀, kò ní làágùn." Mo ní mo mọ̀. Mo ní kì í ṣe ẹni tó lè nà wọ́n ni mò ń wá. Mo fẹ́ mọ èyí tó ju èkejì lọ ni.

Mo gbé pátákó yín kalẹ̀. Mo kọ́kọ́ ṣe é bí ẹ ṣe máa ń ṣe é, Wàràwàrà mú funfun. Ó pa. Inú mi dùn, mo tiẹ̀ pàtẹ́wọ́ lémi nìkan. Mo tún un ta. Ó tún pa. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni ara tó fu mí. Mo ti mọ ibi tí ọmọ ayò kọ̀ọ̀kan ń lọ kó tó lọ. Mo gbé ojú kúrò lára láptọ́ọ̀pù, mo ń pè é látorí wá, ó sì ń rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ọmọ ogun yìí, ẹṣin yẹn, ayaba bọ́ síbi tó máa ń bọ́ sí. Ọkùnrin onírùngbọ̀n náà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ètò ìgbà yẹn ṣe rí. Wọn kì í yí ọkàn padà. Ohun tí o bá bi í lánàá, tí o bá tún bi í lónìí, èsì àná ló máa fún ọ. Ọ̀ta ni kó máa bẹ̀rẹ̀ lẹ wí, ọ̀ta kan náà ló sì ń bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀, kò sí ohun tó yí padà.

Bàbá mi, Wàràwàrà ò pa Onísùúrù ní gbogbo Sátidé yẹn. Ó pa á lẹ́ẹ̀kan. Àwa là ń tún un wò.

Mo wá ṣe é bí wọ́n ṣe ṣe wá níbi iṣẹ́. Mo gbé funfun fún Onísùúrù. Wàràwàrà túká lójú mi. Mo ní bóyá ẹ̀ẹ̀kan náà ni tòun náà, kí n má lọ fi ayò kan dá ẹjọ́ bí tiyín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ara mi ta àwọn ìbẹ̀rẹ̀ fún wọn, kí ọ̀nà lè máa yàtọ̀, mo fún àwọn méjèèjì ní àsìkò ìrònú kan náà, tí èyí bá sì ti mú funfun níbì kan, màá pààrọ̀ wọn, màá tún un ta láti ibẹ̀. Wàràwàrà máa ń pa nígbà mìíràn tó bá mú funfun. Tó bá mú dúdú, kò rí ọ̀nà lọ. Onísùúrù, tó bá mú dúdú, á fara dà á lọ́pọ̀ ìgbà, á ta ọ̀mì. Tó bá mú funfun, ẹ má bi mí. Mo ṣe é débi tí ọkọ mi fi ń bi mí bóyá iléeṣẹ́ kan ló gbé iṣẹ́ fún mi.

Síbẹ̀, ta ni mí? Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, ẹ sì rántí bí ìṣirò ṣe ṣe mí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lè wá lọ́la kó ní ọ̀nà tí mo gbà dán an wò ò tọ́. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ti pé ayò kan náà ni, ojú mi ló rí i. Ìyẹn ò gba ìwé.

Ó ku ohun kan, òun ló sì le jù láti kọ. Nígbà tí mò ń tún ayò yẹn ta, mo dé ibì kan, kò tíì sí ewu kankan lórí pátákó, ọwọ́ mi kàn lọ sí àpò. Ó ń wá obì. Mo wo pátákó, mo sì mọ ibi tí mo wà. Ibẹ̀ lẹ máa ń là á.

Ṣé ẹ mọ̀, Bàbá mi? Ṣé ẹ mọ̀ pé ayò àná la tún ń wò? Tí ẹ bá mọ̀, kí ló dé tí ẹ ò fún wọn ní funfun lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n tọrọ? Àbí ọwọ́ yín ló mọ̀, tí ẹ̀yin fúnra yín ò mọ̀, bí ọwọ́ tèmi náà ṣe mọ̀? Ṣé torí pé níbi iṣẹ́ àwọn mìíràn ló ń pàṣẹ fún yín láti àárọ̀ dalẹ́, tó fi jẹ́ Sátidé nìkan ni wọ́n ń pè yín ní ọ̀ta? Mo ti bi ara mi títí. Mo sì tún ń bi ara mi pé kí ni mo rò nígbà tí mò ń jẹ awẹ́ obì tèmi.

Ǹ bá má kọ èyí. Ṣùgbọ́n Múínátù, àbígbẹ̀yìn Bàbá Sàkírù, pè mí lórí fóònù. Wọ́n ń gbé bàbá wọn lọ sílé l'Ọ́yọ̀ọ́ kí wọ́n lọ máa sinmi níbẹ̀. Ó jọ pé wọn ò ní padà wá s'Ékòó mọ́. Ojú wọn ti di bàìbàì. Ó ní wọ́n ṣàdédé béèrè mi: "Ọmọ Ọ̀ta ń kọ́? Ṣé kọ̀ǹpútà bàbá ẹ̀ ṣì wà?" Wọn ò dárúkọ yín láti ọdún gbọ́nhan.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń lọ tí mò ń bọ̀ nínú yàrá. Irú ọmọ wo ló ń gbé láptọ́ọ̀pù lọ sílé ẹlòmíì láti lọ bọ́ fìlà lórí bàbá rẹ̀ tó ti kú? Òkú ò lè gbèjà ara rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi á ní kí ló kàn mí. Ṣùgbọ́n alààyè kan wà nílé rẹ̀ n'Ígbó Olókòtó yẹn lẹ́yìn ọ̀nà rélùwéè, òpè ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kì í ṣe òpè. Tí ó bá lọ Ọ̀yọ́ láìgbọ́ ọ, èmi ni mo mọ̀ tí mi ò sọ. Ẹ̀yin náà, ohun kan wà tí kò ṣeé gbà lọ́wọ́ yín: Wàràwàrà pa á lẹ́ẹ̀kan, ó pa á dáadáa, ojú gbogbo wa ló ṣe.

Nítorí náà, lọ́la Sátidé, tí mo bá kírun àárọ̀ tán, màá lọ bá Bàbá Sàkírù kí mọ́tò tó ń gbé wọn lọ tó dé. Màá gbé láptọ́ọ̀pù àti pátákó yín dání, màá fi aṣọ fèrèsé wé wọn. Ojú wọn ò ríran tó mọ́, ẹnu ni màá fi máa pè é fún wọn bí ẹ ṣe máa ń pè é. Onísùúrù ni yóò mú funfun. Èmi ni màá di Wàràwàrà mú fún yín, mi ò sì ní dá a dúró, mi ò ní tì í lẹ́yìn. Tí wọ́n bá bi mí bóyá ẹ mọ̀, màá ní mi ò mọ̀. Obì á wà lápò mi. Mi ò ní là á títí ayò á fi parí, àwọn ni màá sì na awẹ́ àkọ́kọ́ sí.

Èmi ni, pẹ̀lú ìfẹ́ tí kò dín,
ọmọ yín tó máa ń jẹ awẹ́ kejì.